Otto Koenigsberger, Ẹni Tó Ní Kí Ìjọba Yá Aráàlú ní Òrùlé

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì lọ sí Ìsẹ̀, tó tún ré kọjá sí Èmùré, kò ní í ṣàìrí ilé tí ògiri rẹ̀ ti dìde tí kò sì ní òrùlé. Búlọ́ọ̀kù ti ga ju fèrèsé lọ, koríko ti kún pálọ̀, igi ìbẹ́pẹ ti yọrí nínú yàrá. Àwọn mìíràn ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé òjò ti ń họ sìmẹ́ńtì ara wọn, tí búlọ́ọ̀kù ń padà di iyanrìn. Ará ìlú kì í pè é ní àpatì. Wọ́n á ní onílé ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́, òótọ́ ni wọ́n sì sọ, nítorí ilé kíkọ́ lọ́dọ̀ wa lè gba ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí iṣẹ́ náà ti máa ń dákú jù ni ibi òrùlé. Búlọ́ọ̀kù ṣeé rà ní ogún, ní ọgbọ̀n. Ẹni tó ta kòkó tàbí tó gba owó oṣù lè kó díẹ̀ sílẹ̀, kó tún dúró de ọdún mìíràn. Òrùlé kò gba irú ìyẹn. Pákó, ìṣó, páànù àti owó káfíńtà gbọ́dọ̀ pé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, torí pé pákó òrùlé tí wọn kò bá tètè bò, òjò àti ikán ni yóò jogún rẹ̀.

Ní ọdún 1954, ìgbìmọ̀ kan tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán dé Gold Coast, ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà báyìí, láti yẹ ọ̀rọ̀ ilé gbígbé wò. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n: Charles Abrams, agbẹjọ́rò ará Amẹ́ríkà, Vladimir Bodiansky, ẹnjiníà tó ti bá Le Corbusier ṣiṣẹ́ ní Marseille, àti Otto Koenigsberger, ayàwòrán-ilé ọmọ Jámánì. Ògiri tí kò lórùlé ni àwọn náà bá níbẹ̀. Ìmọ̀ràn tí wọ́n mú jáde kò gùn: kí ìjọba dẹ́kun kíkọ́ odindi ilé fún mẹ̀kúnnù, kí ó yá a ní owó òrùlé. Ọ̀rọ̀ kékeré ni lójú ẹni tó fẹ́ràn ilé ńláńlá. Lójú tèmi, nínú gbogbo ohun tí àwọn ayàwòrán-ilé sọ nípa ilé mẹ̀kúnnù ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní ọ̀rúndún tó kọjá, mi ò tíì rí èyí tó lọ́gbọ́n tó o. Bí ìlérí ilé ṣe wá wọmi ní Nàìjíríà kò ṣẹ̀yìn bí a kò ṣe kà á sí.

Koenigsberger kọ́ ni ẹni tí à bá retí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀. Berlin ni wọ́n bí i sí ní 1908, níbẹ̀ náà ló sì ti kọ́ iṣẹ́ ilé yíyà, ní àsìkò tí ìlú yẹn jẹ́ àwòkọ́ṣe fún gbogbo ayé ní ti ilé òṣìṣẹ́. Bruno Taut wà lára àwọn tó kọ́ ọ. Taut yìí ló ya ọ̀pọ̀ ẹsítéètì òṣìṣẹ́ tí wọ́n kọ́ sí Berlin lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, títí kan èyí tí ilé rẹ̀ tò yíká bíi pátákò ẹṣin. Láti 2008 ni UNESCO ti fi ẹsítéètì yìí àti márùn-ún mìíràn sínú àkọsílẹ̀ ohun àjogúnbá ayé. Ìgbàgbọ́ àwọn ayàwòrán-ilé ìran yẹn lágbára púpọ̀. Wọ́n gbà pé tí ìjọba bá ní owó, tí iléeṣẹ́ bá ní ẹ̀rọ, tí ayàwòrán bá ní làákàyè, kò sí òṣìṣẹ́ tí kò ní í rí oòrùn, atẹ́gùn àti ilé ìwẹ̀ tirẹ̀. Ilé yóò máa ti iléeṣẹ́ jáde bí ọkọ̀ ṣe ń jáde. Wọn kò fi ṣe ẹnu lásán. Wọ́n kọ́ ọ, àwọn ènìyàn sì ń gbé inú rẹ̀ títí di òní.

Ní 1933, Koenigsberger gba ẹ̀bùn Schinkel, ẹ̀bùn tó lórúkọ láàárín àwọn ayàwòrán-ilé Jámánì. Ọdún kan náà ni Hitler gorí àléfà. Júù ni Koenigsberger, wọ́n sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Ó sá lọ sí Íjíbítì, ó ń bá àwọn awalẹ̀pìtàn ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó di 1939, ìjọba Mysore ní Íńdíà gbà á gẹ́gẹ́ bí àgbà ayàwòrán-ilé wọn. Níbẹ̀ ni ọmọ Berlin yìí ti kọ́kọ́ bá ooru gidi jà. Ó ṣètò ìlú Jamshedpur fún àwọn Tata tó ń rọ irin, ó sì ya àwòrán ìlú tuntun Bhubaneswar ní 1948.

Ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yí padà ni Delhi. Lẹ́yìn tí wọ́n pín Íńdíà sí méjì ní 1947, àwọn tí rògbòdìyàn lé kúrò nílé wọn dé ní ọ̀kẹ́ àìmọye, ìjọba Nehru sì fi Koenigsberger ṣe olùdarí ètò ilé fún gbogbo orílẹ̀-èdè láti 1948. Ó ṣe ohun tí Berlin kọ́ ọ. Wọ́n dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa ṣe ògiri ilé ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, tí wọn yóò máa kó o lọ síbi tí wọ́n fẹ́ tò ó sí. Kò rí bí wọ́n ṣe rò. Ògiri ń sán, owó tó ń wọlé síbẹ̀ ń pọ̀ ju iye ilé tó ń jáde lọ, àwọn aṣòfin bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní 1951 ó kúrò ní Íńdíà, ó gba Lọ́ńdọ̀nù lọ. Àwọn tó ń kọ ìtàn rẹ̀ sábà máa ń yára kọjá níbi yìí, bí ìgbà tí èèyàn ń bo àṣírí alàgbà. Ó yẹ kí wọ́n dúró díẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì rí iléeṣẹ́ ilé tirẹ̀ kó dojú dé kò lè dé Gold Coast ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà kó sọ ohun tó sọ.

Ohun tí wọ́n bá lórí tábìlì ìjọba Gold Coast jọ ti Delhi pátápátá. Iléeṣẹ́ ará Nẹ́dálándì kan tó ń jẹ́ Schokbeton fẹ́ máa fi ẹ̀rọ ṣe ògiri kọnkéré fún ilé mẹ̀kúnnù níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ náà ṣírò owó rẹ̀, wọ́n rí i pé ilé ọ̀hún yóò wọ́n ju èyí tí àwọn bíríkìlà ìlú ń kọ́ lọ, wọ́n sì gba ìjọba nímọ̀ràn pé kó jáwọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjú sí àwọn abúlé.

Bí wọ́n ṣe là á sílẹ̀ nìyí. Abúlé tó bá fẹ́ wọ ètò náà yóò dá ẹgbẹ́ ilé kíkọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yóò sì máa dá owó. Ẹni tó bá ti gbé ògiri rẹ̀ dìde tán, tí ògiri ọ̀hún sì dára, lè wá béèrè. Ẹgbẹ́ ni yóò dúró fún un. Ìjọba yóò wá yá a ní owó páànù, pákó, ilẹ̀kùn àti fèrèsé, yóò sì máa san án padà díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá san padà ni wọn yóò yá ẹlòmíràn. Kò sí ayàwòrán tó ń yan bí yàrá yóò ṣe rí fún ẹnikẹ́ni, kò sí agbaṣẹ́ṣe tí yóò gba owó ìpìlẹ̀ kó sá lọ, kò sí ọjọ́ tí mínísítà yóò wá gé rìbọ́ọ̀nù. Bóyá ìdí tí kò fi wu àwọn olóṣèlú níyẹn.

Ọgbọ́n inú rẹ̀ fara sin díẹ̀. Ògiri tó ti dúró jẹ́ ẹ̀rí pé ẹni náà kò wá ṣeré, nítorí ó ti fi òógùn tirẹ̀ sí i kó tó béèrè kọ́bọ̀. Òrùlé pẹ̀lú kò ṣeé fi pamọ́: bí ó bá fi owó ọ̀hún fẹ́ ìyàwó, gbogbo abúlé ni yóò rí ojú ọ̀run láti inú pálọ̀ rẹ̀. Àwọn aládùúgbò tó dúró fún un ló ń bá a pàdé lọ́nà odò àti lọ́jà, wọn kò nílò ọlọ́pàá láti rán an létí.

Ó tún wà níbẹ̀ ohun tí ará Èkìtì lè tètè rí ju ará Berlin lọ. Láyé àwọn baba wa, kò sí apá ibì kankan nínú ilé tí a ń fi owó rà. Erùpẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé. Onílé yóò bẹ ọ̀wẹ̀, àwọn ènìyàn yóò gún erùpẹ̀, wọn yóò mọ ògiri ní ìpele kan, wọn yóò jẹ́ kó gbẹ kí wọ́n tó gun orí rẹ̀. Iyán àti ẹmu ni owó iṣẹ́. Tí ó bá kan òrùlé, àna ọkùnrin ń kó ẹgbẹ́ rẹ̀ bọ̀ wá ṣe ọ̀wẹ̀ àna, wọ́n ń gé ọparun, wọ́n ń já ewé gbòdògì nínú igbó, wọ́n sì ń bo ilé. Nígbà tí páànù dé pẹ̀lú owó kòkó, gbogbo ẹni tó rí jájẹ ló fẹ́ ẹ, mi ò sì lè dá wọn lẹ́bi; ẹni tó bá ti jí lóru láti gbé ìkòkò sábẹ́ ibi tó ń jò mọ ìdí rẹ̀. Àmọ́ páànù mú òrùlé kúrò lára ohun tí àna lè fi ọwọ́ ṣe, ó sọ ọ́ di ohun tí owó nìkan lè rà. Ògiri ṣì wà lọ́wọ́ ẹbí àti ọ̀rẹ́ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà. Àlàfo ṣí sílẹ̀ ní ibì kan péré, ní òkè orí, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀yáwó òrùlé wá fi ara sí.

Gánà gbà á, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ káàkiri abúlé kí ọdún 1960 tó dé. Nàìjíríà yan ọ̀nà mìíràn.

Kò kúkú ṣàìsí ọmọ Nàìjíríà nídìí iṣẹ́ Koenigsberger. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Manchester, Adédòkun Adéyẹmí, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ké gbàjarè pé ẹ̀kọ́ ilé yíyà tí wọ́n ń kọ́ àwọn ní Gẹ̀ẹ́sì kò wúlò fún ilẹ̀ olóoru. Wọ́n ń kọ́ wọn bí a ṣe ń mú ilé gbóná! Ọ̀rọ̀ náà bí ìpàdé ńlá kan ní University College, Lọ́ńdọ̀nù, ní 1953, ìpàdé yẹn sì bí ẹ̀ka ìmọ̀ ilé ilẹ̀ olóoru ní iléèwé Architectural Association ní 1954. Maxwell Fry ló kọ́kọ́ darí rẹ̀, ẹni tí òun àti ìyàwó rẹ̀ Jane Drew ya Yunifásítì Ìbàdàn. Koenigsberger di olùdarí rẹ̀ ní 1957. Láti ibẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ayàwòrán-ilé tó ń ti Áfíríkà, Éṣíà àti Gúúsù Amẹ́ríkà wá fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ẹ̀ka náà tó kó lọ sí University College ní 1971. Ó kú ní 1999.

Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní tirẹ̀ dá àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé sílẹ̀ ní 1958, ẹsítéètì Bódìjà ní Ìbàdàn sì ni iṣẹ́ tí gbogbo ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Ẹsítéètì náà gbayì, ó ṣì gbayì títí di òní. Ṣùgbọ́n akọ̀wé àgbà àti olùkọ́ yunifásítì ló ń gbé e. Owó kòkó tó kọ́ ọ wá láti oko, kò sì padà sí oko. Àgbẹ̀ Èmùré tó ta kòkó fún àjọ Marketing Board rí ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà fún ọmọ rẹ̀ ní 1955, ìyẹn kò ṣeé fojú kéré. Ilé kò sí nínú ohun tó rí gbà.

Ní Èkó, ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó Ìsàlẹ̀ Èkó láti 1955, wọ́n ń kó àwọn ènìyàn lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Peter Marris, onímọ̀ àwùjọ, lọ bá àwọn ìdílé ọ̀hún sọ̀rọ̀, ó sì kọ ìwé rẹ̀ jáde ní 1961. Ohun tó rí kò yà wá lẹ́nu: yàrá dára sí i, ṣùgbọ́n agbo ilé túká, ìyá arúgbó jìnnà sí ọmọ tó ń bọ́ ọ, oníṣòwò jìnnà sí oníbàárà rẹ̀, owó ọkọ̀ sì jẹ èrè tán. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán Koenigsberger àti Abrams wá sí Èkó pẹ̀lú àwọn mìíràn. Wọ́n kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1964. Ọ̀kan lára ohun tí wọ́n tẹnu mọ́ ni pé kí àṣẹ kan ṣoṣo máa darí gbogbo Èkó, torí pé nígbà náà erékùṣù wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, Mushin àti Ìkẹjà sì wà lábẹ́ Ìbàdàn. Ní àárín ọdún méjì, ìbọn ológun ti dún. Kò sẹ́ni tó tún ráyè ìwé.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ni epo rọ̀bì wá sọ ìjọba di olówó, ibẹ̀ sì ni àìsàn tó ṣe Koenigsberger ní Delhi ti wá kọ lu odindi orílẹ̀-èdè. Ètò ìdàgbàsókè ẹlẹ́ẹ̀kẹta, 1975 sí 1980, ṣèlérí ilé 202,000. Èyí tí wọ́n parí nínú rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 28,500. Shagari gorí àléfà ní 1979, ó ní òun yóò máa kọ́ ilé 2,000 ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún. Títí tí àwọn ológun fi lé e ní ìparí 1983, nǹkan bí 32,000 péré ló parí ní gbogbo Nàìjíríà. Ìyókù di ògiri láàárín igbó. Ní Àkúrẹ́, tó jẹ́ olú ìlú ìpínlẹ̀ tí Èkìtì wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà yẹn, wọ́n ṣì ń pe ibẹ̀ ní Shagari Village. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ lónìí yóò rí i pé ọ̀pọ̀ onílé ti fẹ̀ ẹ́, wọ́n ti so yàrá mọ́ ọn, wọ́n ti ṣí ṣọ́ọ̀bù síwájú rẹ̀. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ parí iṣẹ́ tí ayàwòrán kò rò dé. Tí a bá ka àwọn nọ́ńbà yìí dáadáa, a ó rí i pé ìjọba tó ní epo rọ̀bì lọ́wọ́ kò lè ṣe ju ohun tí ìpín díẹ̀ nínú àwọn ọmọ ìlú rẹ̀ ń ṣe láì sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti owó kòkó.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dá owó àjọ ilé ti orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní 1992, tí wọ́n ń yọ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù òṣìṣẹ́ sí. Ní orí ìwé, òṣìṣẹ́ lè yá owó kọ́ ilé láti inú rẹ̀ pẹ̀lú èlé tó kéré. Ní ìṣe, ó ní láti fi ilẹ̀ dúró, ilẹ̀ ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ ní ìwé tí gómìnà fọwọ́ sí. Ta ló ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí ilẹ̀ ẹbí ní Ìsẹ̀? Baba àgbà ló pín in, gbogbo ẹbí ló mọ ààlà rẹ̀, igi pèrègún ló sì sàmì sí i. Òfin ilẹ̀ ti 1978 kò mọ pèrègún. Ètò Gánà kò béèrè ìwé ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó béèrè pé ṣé ẹgbẹ́ rẹ mọ̀ ọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé mo ń gbé ẹ̀yáwó òrùlé ga jù. Ó ní àbùkù tirẹ̀, àwọn onímọ̀ sì ti sọ ọ́. Ẹni tó ti ní ògiri ló ń ràn lọ́wọ́, nítorí náà kò dé ọ̀dọ̀ ayálégbé, kò dé ọ̀dọ̀ obìnrin tí ẹbí kò fún nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò dé ọ̀dọ̀ tálákà tó tálákà dénú. Ó tún nílò owó tí iyì rẹ̀ dúró. Ní Gánà, iye ọjà ju ìlọ́po méjì lọ láàárín ọdún kan ní 1977, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1983. Owó tí ènìyàn yá ra páànù ogún, nígbà tó fi máa san án tán, kò lè ra ìṣó rẹ̀ mọ́. Náírà náà rí tirẹ̀ lẹ́yìn 1986. Mi ò ní í jiyàn lórí ìwọ̀nyí. Ṣùgbọ́n àbùkù ètò tó ń ran ìdajì ìlú lọ́wọ́ yàtọ̀ sí àbùkù ètò tó ń ran akọ̀wé àgbà àti agbaṣẹ́ṣe.

Apá kan wà nínú iṣẹ́ Koenigsberger tí a kọ́ tán tí a sì gbàgbé, èyí sì dùn mí jù. Òun àti Carl Mahoney àti Martin Evans ló ṣe àwọn tábìlì kan jáde ní 1971, èyí tí Mahoney ti dá ìpìlẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà níbí ní 1968. Ayàwòrán yóò kọ ooru, ọ̀rinrin àti òjò oṣù méjìlá ìlú kan sílẹ̀, yóò fi wọ́n wé ara wọn, tábìlì yóò sì sọ bí ilé ṣe yẹ kó rí: ibi tó yẹ kó kọjú sí, bó ṣe yẹ kó jìnnà sí èkejì rẹ̀, bí fèrèsé ṣe gbọ́dọ̀ gbòòrò tó, bí ògiri ṣe yẹ kó nípọn sí. Fún ilẹ̀ tó gbóná tó sì lọ́rinrin, ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé kí ẹ̀gbẹ́ gígùn ilé kọjú sí àríwá àti gúúsù kí oòrùn má baà gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí etí òrùlé yọ síta dáadáa, kí fèrèsé gba nǹkan bí ìdajì ògiri, kí yàrá sì tò sí ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí atẹ́gùn lè gba iwájú wọlé kó gba ẹ̀yìn jáde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ilé yíyà ní Nàìjíríà ṣì ń kọ́ tábìlì yìí, wọ́n sì ń ṣe ìdánwò lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo Ìkẹ́rẹ́. Ìlú náà jókòó sábẹ́ àpáta, Olósùnta ń wò ó láti òkè, àpáta sì máa ń gba oòrùn pamọ́ lọ́sàn-án, ó ń tú u jáde lálẹ́. Ibi tó yẹ kí ilé ti gba atẹ́gùn ni. Ààfin àtijọ́ ti Ògògà, ọba ìlú náà, mọ èyí. Àgbàlá wà láàárín, òrùlé yọ síta yíká rẹ̀ lórí òpó, Ògògà sì ń jókòó sábẹ́ òjìji níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Àwọn òpó yẹn ni Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ní nǹkan bí 1910 sí 1914, ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tó fi Ìsẹ̀ ṣe ilé, tó ń ṣiṣẹ́ fún Arínjálẹ̀, ọba Ìsẹ̀, títí tó fi kú ní 1938. Ọ̀kan nínú òpó ọ̀hún wà ní Chicago lónìí. Ilẹ̀kùn tó gbẹ́ fún ààfin kan náà ti rìnrìn-àjò lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, ó sì dúró sí British Museum, wọ́n fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní Gẹ̀ẹ́sì dí i fún Ògògà. Àwọn tó ń wo òpó náà nínú gíláàsì máa ń yin ayaba tó dúró lẹ́yìn ọba. Mo máa ń fẹ́ rán wọn létí pé òpó ni, pé ó gbé etí òrùlé dúró kí oòrùn má baà dé ara ọba.

Àwọn ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì tí olówó kòkó kọ́ lẹ́yìn náà kò gbàgbé òjìji pátápátá. Ògiri wọn jẹ́ erùpẹ̀ tó nípọn tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́, wọ́n ní fèrèsé onípákó méjì-méjì tó ń ṣí síta, wọ́n ní bákónì níwájú, páànù wọn sì ga sókè lórí àjà. Ẹ wọ ọ̀kan nínú wọn ní ọ̀sán oṣù kejì, ẹ fọwọ́ kan ògiri rẹ̀, ó tutù. Ẹ wá wọ ilé tí wọ́n kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́fà tó ní ihò nínú, fèrèsé gíláàsì tí ìdajì rẹ̀ nìkan ń sún ṣí, irin agánrán-ún lójú rẹ̀, kọnkéré tí wọ́n gbé sókè yí òrùlé ká kí páànù má hàn, tí òrùlé kò sì yọ síta rárá. Òjò ń ti orí ògiri ṣàn wálẹ̀, ó ń fi ìlà dúdú kọ ọ́. Nínú ilé, fáànù nìkan ló lè gbà wá, iná sì ti lọ láti àná. Ilé oníyàrá púpọ̀ tí a ń pè ní face-me-I-face-you burú jù: yàrá lápá ọ̀tún, yàrá lápá òsì, ọ̀dẹ̀dẹ̀ dúdú láàárín, atẹ́gùn kò sì rí ibi gbà. Òdìkejì ohun tí tábìlì yẹn ní kí a ṣe gẹ́lẹ́ ni.

Kì í ṣe pé ayàwòrán kò mọ̀. Ẹni tó bá kàwé ní Ifẹ̀ ti gbé láàárín ilé tí Arieh Sharon yà, ẹni tó kọ́ iṣẹ́ ní iléèwé Bauhaus ní Jámánì, tó sì kọ́ ilé àwọn òṣìṣẹ́ ní Tel Aviv kó tó dé ọ̀dọ̀ wa ní àwọn ọdún 1960. Ilé ẹ̀kọ́ Humanities níbẹ̀ ń fẹ̀ sí i bó ṣe ń ga, tí àjà òkè fi ń ṣíji bo ti ìsàlẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ sì ṣí sí gbangba. Ọ̀pọ̀ ọmọ Ìkẹ́rẹ́ àti Ìsẹ̀ ló ti jókòó sábẹ́ òjìji yẹn kàwé ọdún mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n padà wálé láti kọ́ ilé tiwọn, ilé tí wọ́n rí lórí tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n ní kí bíríkìlà kọ́ fún àwọn. Bíríkìlà náà ti kọ́ irú rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kò nílò àwòrán.

Ohun tí ìjọba kò ṣe, àwọn ènìyàn ti ń ṣe é láì mọ orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ dábàá rẹ̀. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn tíṣà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló ń bo ọ̀pọ̀ ilé lónìí ní Èkìtì Gúúsù. Ọmọ ẹgbẹ́ ń dá owó lóṣooṣù. Nígbà tí ògiri rẹ̀ bá dé òkè, ó ń gba fọ́ọ̀mù, ó ń wá onídùúró méjì, wọ́n sì ń yá a ní ìlọ́po méjì ohun tó ti kó pamọ́. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, páànù ti ń tàn lórí ilé rẹ̀. Ẹ̀yáwó òrùlé ni, kò ku ẹyọ kan. Àgbẹ̀ tí kò ní owó oṣù ni kò rí ibi wọ̀ ọ́, àfi níbi tí àwọn olóko kòkó bá ti dá tiwọn sílẹ̀.

Àmọ́ ẹgbẹ́ kò gbà lára Koenigsberger ju ìdajì lọ. Ẹni tó ń yáni lówó òrùlé ló láṣẹ láti béèrè irú òrùlé tó fẹ́ rí. Ó lè ní òun kò yáni lówó àyàfi tí etí páànù bá yọ síta ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, tí fèrèsé méjì bá kọjú síra nínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Kò ní í ná ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀, ìpàdé kan tó láti fi ṣe é lófin. Fọ́ọ̀mù tí mo rí béèrè orúkọ, iye owó tó wà nílẹ̀, oṣù tí ọmọ ẹgbẹ́ yóò fi san án tán, àti ìbuwọ́lùwé àwọn onídùúró. Ohun tí owó wà fún gba ìlà kan péré, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì kọ sórí ìlà náà ni "ilé kíkọ́".